Kọ̀ǹpútà tó ń kú sójú oorun, àti driver tó ń pa á

Ẹ dé laptop pa lálẹ́, ẹ lọ sùn. Ilẹ̀ mọ́, ẹ ṣí i, ojú rẹ̀ dúdú. Iná kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń tàn, fáànù ń kùn lábẹ́, ẹ tẹ kíbọ́ọ̀dù títí, kò dáhùn. Ó di kí ẹ fi ìka di bọ́tìnnì rẹ̀ mú títí ó fi kú pátápátá, kí ẹ tún un tàn. Iṣẹ́ àná tí ẹ ò tíì séèfù ti lọ nìyẹn. Nígbà mìíràn, ojú búlúù lẹ máa bá, tí wọ́n kọ "Your PC ran into a problem" sí.

Ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Ajílósùn, ní Adó-Èkìtì níbí, a máa ń rí irú rẹ̀ dáadáa. Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni ti tíṣà kan láti Ìkẹ́rẹ́. Laptop tókùnbọ̀ ni, ó sì ti gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni méjì kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹni àkọ́kọ́ pààrọ̀ RAM, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tí ẹ ṣí sílẹ̀ sí. Ẹnì kejì fọ́ọ̀mátì ẹ̀, ó sì fọ lesson note sáà kan gbáko dànù. Ọjọ́ kẹta tó gbà á padà, ó tún kú sójú oorun. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo ní, "Àǹtí, driver ló ń dà á láàmú." Ó wò mí sùn-ùn. "Dírẹ́bà wo? Mi ò gbé e wọ mọ́tò láti ọjọ́ Mọ́ńdè."

Driver tí mò ń wí kì í ṣe ti ọkọ̀. Ètò kékeré kan ni, tó dúró láàárín Windows àti ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. WiFi ní tirẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀, ohùn, Bluetooth, ihò USB, kò sí èyí tí kò ní. Ògbufọ̀ ni wọ́n. Windows ò gbọ́ èdè WiFi, WiFi ò sì gbọ́ ti Windows, driver ló ń túmọ̀ fún àwọn méjèèjì.

Bí ẹ bá dé laptop pa, Windows kì í kàn pa iná. Ńṣe ló ń ṣe bíi baálé tó fẹ́ ti ìlẹ̀kùn àbájáde lálẹ́, á máa pe kálukú lórúkọ: ṣé o ti wọlé? Ṣé o ti dùbúlẹ̀? Driver kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dáhùn pé nǹkan tó wà lábẹ́ òun ti sùn. Láàárọ̀, á tún pè wọ́n kí wọ́n jí. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá dákẹ́, ìlẹ̀kùn ò ní ṣeé tì. Windows á dúró dè é fún ìgbà díẹ̀, bí kò bá ṣì dáhùn, á kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, á sì dá gbogbo iṣẹ́ dúró. Orúkọ tí Microsoft sọ irú ikú yìí ni DRIVER_POWER_STATE_FAILURE, nọ́ńbà rẹ̀ ni 0x0000009F, tí àwa máa ń pè ní 0x9F. Bí ẹ bá ti rí orúkọ yẹn lójú búlúù, ẹ fi RAM sílẹ̀ ná.

Ṣé iná ni, àbí driver?

Lọ́dọ̀ wa níbí, ẹ bi iná léèrè kí ẹ tó dá driver lẹ́bi. Kọ̀ǹpútà tó sùn ṣì ń jẹ iná díẹ̀díẹ̀, torí inú RAM ló kó gbogbo ohun tí ẹ ṣí sílẹ̀ sí, RAM kì í sì í rántí nǹkan kan bí iná bá ti kúrò lára rẹ̀. Bátìrì tókùnbọ̀ mìíràn ò lè gbé e fún wákàtí méjì. Wọ́n mú iná lọ lóru, bátìrì gbẹ, iná dé padà, ẹ jí láàárọ̀, ẹ tan kọ̀ǹpútà, ó ń bẹ̀rẹ̀ látorí Windows tuntun bí ẹni tí kò bá yín pàdé rí. Kò sí ọ̀ràn driver níbẹ̀. Bátìrì ni kí ẹ rà.

Bí ẹ ṣe máa mọ ìyàtọ̀ nìyí. Ẹ jẹ́ kí bátìrì kún, ẹ yọ ṣájà, ẹ jẹ́ kó sùn fún ìwọ̀n àkókò tí ẹ máa fi se iṣu kí ẹ sì gún un. Bí ó bá kú láàárín àkókò yẹn, tí bátìrì sì ṣì wà níbẹ̀, kì í ṣe iná.

Ẹ̀rí kejì wà nínú ìwé tí Windows fúnra rẹ̀ ń kọ. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ eventvwr.msc, ẹ tẹ Enter. Ẹ wọ Windows Logs, lẹ́yìn náà System. Lápá ọ̀tún, ẹ tẹ Filter Current Log, níbi tí wọ́n kọ All Event IDs sí, ẹ kọ èyí:

41,1001,6008

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá rí 41, tí wọ́n kọ Kernel-Power sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, á ti pariwo pé páwà ló bàjẹ́. Ohun tí 41 ń sọ ò ju pé kọ̀ǹpútà lọ láìdágbére. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ lọ sí Details, ẹ wá BugcheckCode. Bí ó bá jẹ́ 0, ó lè jẹ́ pé iná ló lọ, ó lè jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ fi ìka pa á, ó sì lè jẹ́ pé ó gan débi tí kò fi rí nǹkan kọ. Bí ó bá jẹ́ 159, 0x9F náà ni wọ́n fi òǹkà tí gbogbo wa mọ̀ kọ yẹn: driver ni. Bí ẹ bá rí 278, 0x116 ni, driver ojú kọ̀ǹpútà sì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Ẹ da fáìlì yín sórí fláàṣì tàbí hard disk míì. Ẹ kọ Create a restore point sí ibi ìwákiri Windows, ẹ ṣe ọ̀kan. Ẹ wá ìwé kékeré kan àti bírò sí tòsí, mo mọ̀ pé ó dà bí eré, ṣùgbọ́n ẹ máa rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Ẹ má sì fọ́ọ̀mátì. Ẹni tó bá fọ́ọ̀mátì ti fọ ẹ̀rí dànù pẹ̀lú fáìlì. Èyí tó tún burú níbẹ̀ ni pé driver àtijọ́ tó ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ á bá a lọ, Windows Update á sì tún gbé èyí tó ń pa kọ̀ǹpútà wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí tíṣà Ìkẹ́rẹ́ gan-an nìyẹn.

Irú oorun wo ló ń sùn?

Oorun kọ̀ǹpútà pín sí oríṣiríṣi. Ẹ kọ cmd sí ibi ìwákiri, ẹ yan Run as administrator, kí ẹ wá kọ:

powercfg /a

Bí ẹ bá rí Standby (S3) láàárín àwọn tó wà, oorun àtijọ́ ni: RAM nìkan ló kù lójúfò. Bí ó bá jẹ́ Standby (S0 Low Power Idle) lẹ rí, irú ti fóònù ni. Ojú ti dé, ṣùgbọ́n etí ṣì ń gbọ́, WiFi lè máa bá a lọ lábẹ́lẹ̀. Irú èyí ló máa ń gbóná nínú báàgì. Driver rẹ̀ sì láyè láti dá wàhálà sílẹ̀ ní gbogbo òru, kì í ṣe ìgbà tó ń lọ sùn tàbí tó ń jí nìkan. Tí tiyín bá jẹ́ S0, ẹ kọ:

powercfg /sleepstudy

Á ṣe ìwé kan tí ẹ lè fi Chrome tàbí Edge ṣí, á sì sọ ibi tó kó o sí fún yín. Nínú rẹ̀ lẹ ó ti rí orúkọ ohun tí kò jẹ́ kó sùn láàárín ọjọ́ mẹ́ta tó kọjá.

Òkú tó kọ ìwé sílẹ̀

Windows máa ń kọ ìwé kó tó ṣubú, ká kàn mọ ibi tó wà ni. Ẹ tẹ Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ sysdm.cpl, ẹ lọ sí Advanced, ẹ tẹ Settings tó wà lábẹ́ Startup and Recovery. Ẹ yọ àmì tó wà níwájú Automatically restart, kí ojú búlúù lè dúró kí ẹ kà á. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ yan Small memory dump. Láti ìgbà náà lọ, gbogbo ìgbà tó bá ṣubú, fáìlì kan á wọ C:\Windows\Minidump.

Ẹ wá lọ gba BlueScreenView láti ọ̀dọ̀ NirSoft. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì kéré débi pé kò ní jẹ dátà yín. Ẹ ṣí i, á ka àwọn fáìlì Minidump yẹn, á sì fi àwọ̀ píǹkì kun driver tó bá nílẹ̀ nígbà tí nǹkan bàjẹ́. Orúkọ tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nvlddmkm, ti káàdì NVIDIA ni. igdkmd64, ti ojú Intel ni. Netwtw, WiFi Intel. Èyí tí ẹ ò bá mọ̀, ẹ bi Google.

Ẹ ṣọ́ra fún ntoskrnl.exe o. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé òun ni wọ́n máa ń kọ síbẹ̀ nígbà gbogbo. Windows fúnra rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó wá túfọ̀ kọ́ ló pa olóògbé. pci.sys náà máa ń fara hàn bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀ràn 0x9F, ẹ fojú fò ó ná.

Bí BlueScreenView kò bá rí ju ntoskrnl lọ, WinDbg ló kù. Microsoft ló ni ín, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ fi í ṣí fáìlì náà, ẹ rí i pé íntánẹ́ẹ̀tì wà, ẹ kọ !analyze -v, kí ẹ ní sùúrù. Fún 0x9F, nọ́ńbà mẹ́rin máa ń tẹ̀ lé e. Bí àkọ́kọ́ bá jẹ́ 3, ẹnì kan ti di iṣẹ́ mú tí kò sì fi í sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ da nọ́ńbà kẹrin kọ, ẹ kọ !irp, ẹ fi nọ́ńbà náà sí iwájú rẹ̀. Nínú ohun tó máa jáde, ìlà tó ní àmì > níwájú ni kí ẹ kà, orúkọ driver tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ máa wà níbẹ̀. Ti laptop tíṣà, WiFi ló jáde.

Bí a ṣe ń tún un ṣe

Tí ẹ bá ti mọ ẹni tó ṣẹ̀, ẹ tẹ Windows pọ̀ mọ́ X, ẹ yan Device Manager. WiFi wà lábẹ́ Network adapters, ojú kọ̀ǹpútà wà lábẹ́ Display adapters. Ẹ tẹ nǹkan náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ lọ sí Driver.

Bí wàhálà bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn àpdéètì, Roll Back Driver ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀. Á dá ti tẹ́lẹ̀ padà. Lórí laptop tíṣà, ńṣe ló ṣú dùdù tí kò ṣeé tẹ̀, torí fọ́ọ̀mátì ti gbá ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀nà kejì ṣì wà: Update Driver, Browse my computer for drivers, lẹ́yìn náà Let me pick from a list of available drivers on my computer. Nígbà mìíràn ẹ máa bá ẹ̀dà méjì mẹ́ta níbẹ̀, ẹ yan èyí tí ọjọ́ rẹ̀ pẹ́ jù. Èèyàn máa ń rò pé tuntun ló dára jù. Fún laptop tó ti lo ọdún mẹ́wàá, èmi ò gbà bẹ́ẹ̀.

Bí kò bá sí níbẹ̀, ibi tó yẹ ká ti gbà á ni ojúlé ilé iṣẹ́ tó ṣe laptop, pẹ̀lú orúkọ móòdẹ́lì yín. Ẹ kọ msinfo32, ẹ wo System Model. Ṣùgbọ́n tókùnbọ̀ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Káàdì WiFi tó wà nínú rẹ̀ lè má jẹ́ èyí tó bá a wá láti ilé iṣẹ́, ẹnì kan lè ti pààrọ̀ rẹ̀ ní ìlú òyìnbó tàbí ní Èkó. Ẹ padà sí Device Manager, ẹ tẹ Details, ẹ yan Hardware Ids. VEN_8086 jẹ́ Intel, VEN_10EC jẹ́ Realtek, VEN_14E4 jẹ́ Broadcom. Fún ojú kọ̀ǹpútà, VEN_10DE jẹ́ NVIDIA, VEN_1002 jẹ́ AMD. Ohun tí nọ́ńbà yìí bá sọ ni kí ẹ gbà gbọ́, kì í ṣe bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ laptop. Ibi tí mo ti rí ìdí ọ̀rọ̀ tíṣà nìyí: ilé iṣẹ́ tó ṣe káàdì tó wà nínú rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ojúlé ilé iṣẹ́ laptop kọ. Mo gba driver tó bá nọ́ńbà náà mu, ẹ̀dà tó pẹ́ díẹ̀.

Ẹ ti kọ́kọ́ gba tuntun sílẹ̀ kí ẹ tó yọ ti àtijọ́, pàápàá tó bá jẹ́ WiFi, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ò ní rí íntánẹ́ẹ̀tì fi gba nǹkan kan mọ́. Ti NVIDIA máa ń ju 500MB lọ, àwọn ọmọ EKSU tó ń wá sọ́dọ̀ wa, ibi tí WiFi ọ̀fẹ́ bá wà ni wọ́n ti ń gbà á. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ Uninstall device, ẹ fi àmì sí ibi tó ní kí ó pa driver náà rẹ́ pẹ̀lú, ẹ fi tuntun sí i.

Lẹ́yìn ìyẹn, Restart ni kí ẹ tẹ̀, ẹ má tẹ Shut down. Ẹ̀tàn ni Shut down lórí ọ̀pọ̀ Windows. Fast Startup wà níbẹ̀, tó ń tọ́jú apá kan Windows sórí díìsìkì bó ṣe wà, pẹ̀lú driver tó ń ṣe ségesège nínú rẹ̀, kó lè tètè tàn lọ́jọ́ kejì. Restart ló ń bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ pa Fast Startup fúnra rẹ̀, ẹ kọ powercfg.cpl, ẹ tẹ Choose what the power buttons do, lẹ́yìn náà Change settings that are currently unavailable, ẹ yọ àmì iwájú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ WiFi àti USB ní àfikún kan. Nínú Properties wọn, ẹ wo Power Management, ẹ yọ àmì kúrò níwájú Allow the computer to turn off this device to save power. Lórí laptop tó ń lo S0, abala yìí lè má hàn rárá, ẹ má dààmú ara yín wá a. Ohunkóhun tí ẹ bá sì ki bọ ihò USB, modẹ́ẹ̀mù àtijọ́, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹ yọ gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó dán oorun wò. Mo ti rí modẹ́ẹ̀mù tó ti pẹ́ tó ń pa kọ̀ǹpútà tí kò lárùn kankan.

Kí Windows Update má baà tún gbé driver burúkú padà wá, ẹ padà sí sysdm.cpl, Hardware, Device Installation Settings, ẹ yan No. Nínú Settings, ẹ tún lè dá àpdéètì dúró fún ọ̀sẹ̀ 5 nígbà tí ẹ ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn ètò tó ń ṣèlérí pé àwọn á bá yín wá gbogbo driver tuntun lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́? Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ogún driver ni wọ́n máa pààrọ̀, nígbà tí ẹyọ kan péré ló ń ṣàìsàn.

Ìwé àti bírò

Nǹkan kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ dán an wò. Èyí tí mo kọ sí ẹ̀yìn ìwé tíṣà rèé: WiFi, driver àtijọ́, Restart. Ìṣẹ́jú 5, ó jí. Wákàtí 1, ó jí. Òru mọ́jú pẹ̀lú ṣájà, ó jí. Òru mọ́jú láìsí ṣájà, ó jí. Ẹ má fi ìṣẹ́jú márùn-ún nìkan yọ̀, torí driver mìíràn ò ní ṣe nǹkan kan títí di ìgbà tí oorun bá wọra.

Tó bá jẹ́ pé ẹ ò rí orúkọ ẹnì kankan mú, Driver Verifier wà nínú Windows. Ẹ kọ verifier, Create standard settings, Select driver names from a list, ẹ fi àmì sí àwọn tí Microsoft kọ́ ló ṣe wọ́n. Ńṣe ló máa ń fúngun mọ́ wọn títí èyí tó ní àbùkù á fi tú ara rẹ̀ fó. Ṣùgbọ́n ó lè fúngun débi tí Windows ò ní tàn mọ́. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wá kọ́kọ́rọ́ BitLocker yín sílẹ̀ bí ẹ bá ní in, ìyẹn nọ́ńbà gígùn tó ń ṣí díìsìkì tí Windows tì pa. Bí kò bá tàn, ẹ pa á lójú ọ̀nà bó ṣe ń tàn bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta, á gbé Troubleshoot wá. Ẹ gba Advanced options, Startup Settings, Restart, ẹ tẹ 4 láti wọ Safe Mode, ẹ ṣí cmd bí ẹ ṣe ṣí i lókè, kí ẹ kọ:

verifier /reset

Kí ẹ tún un tàn. Bí ọwọ́ yín ò bá dá ṣáṣá lórí èyí, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ní báyìí ná, tí iṣẹ́ ò bá lè dúró, ẹ lo Hibernate. Orí díìsìkì ló ń kó nǹkan sí, nítorí náà kò bìkítà bí wọ́n bá mú iná lọ. Àmọ́ ó ṣì ń pe àwọn driver lórúkọ kó tó sùn, driver tó burú gan-an lè pa òun náà. BIOS tuntun, ètò tó kọ́kọ́ ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó dé, máa ń wo àìsàn oorun mìíràn sàn. Ẹ má ṣe é bí bátìrì ò bá kún dáadáa tàbí bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ nìkan lẹ gbójú lé, torí bí iná bá lọ láàárín BIOS, laptop lè má tàn mọ́ láé.

Tí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, tí BugcheckCode ń yí padà lójoojúmọ́, lónìí 159, lọ́la nǹkan mìíràn, tó tún ń ṣubú nígbà tí ẹ wà nídìí rẹ̀ tí kò sùn rárá, ẹ kọ mdsched, kó yẹ RAM wò. Bó bá sọ pé òun rí àṣìṣe, ìgbà yẹn ni kí ẹ wá pe ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ RAM.